Bí ìlú bá ń kó kúrò lórí òkè, ta la máa fi sílẹ̀?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí òkè. Lọ́jọ́ tí mo gun Òkè Ìdànrè kẹ́yìn, ìwé ìtàn kan wà nínú fóònù mi tí mo ń kà lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá ti débẹ̀ rí mọ̀ pé àtẹ̀gùn ibẹ̀ kì í ṣe eré. Ó lé ní 600, orúnkún rẹ á sì ka gbogbo rẹ̀ fún ọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, gbogbo ibi ìsinmi tí mo bá dé ni mo ń jókòó, tí mo ń mumi, tí mo ń ka ojú ìwé méjì, kí n tó tún máa gòkè lọ.

Ọmọ yunifásítì kan tí a jọ ń gòkè yọjú wo fóònù mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ̀ ń kà tó ń mú yín mirí bẹ́ẹ̀?" Mo ní ìtàn ọjọ́ iwájú ni, nígbà tí òkun ti gbé Èkó mì, tí àwọn tó ṣẹ́ kù ń gbé inú ilé gogoro láàárín omi. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìtàn òyìnbó nìyẹn o. Ìlú wo ló máa tán bẹ́ẹ̀?"

Bàbá tó ń mú wa lọ gbọ́. Kò bá wa rẹ́rìn-ín. Ó dúró, ó fi ọ̀pá tọ́ka sókè, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká débẹ̀ ná. Ẹ máa rí ìlú tí wọ́n kó kúrò níbẹ̀."

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì débẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún yín. Ààfin àtijọ́ ti Ọwá Ìdànrè ṣì wà lórí òkè. Ilé ẹjọ́ àtijọ́ wà níbẹ̀. Ojúbọ wà níbẹ̀, ibojì wà níbẹ̀. Ipa ẹsẹ̀ Agbóògùn wà lára àpáta, èyí tí wọ́n ní ẹsẹ̀ ńlá, ẹsẹ̀ kékeré, kò sí èyí tí kò ní bá a mu. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ìró ilé. Kò sí ẹni tó ń dáná, kò sí ọmọ tó ń sunkún, kò sí ẹni tó ń polówó ọjà. Atẹ́gùn nìkan ló ń wọlé tó ń jáde.

Orí àpáta yìí ni àwọn ará Ìdànrè gbé fún ọ̀pọ̀ ìran, tí òkúta yí wọn ká bí odi, tí ogun kò sì rí wọn mú bọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà ò lọ bí òréré. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1930, ogun ti tán, kòkó ti di owó, ọ̀nà àti ọjà sì ń pe èèyàn sísàlẹ̀. Ohun tó jẹ́ ààbò tẹ́lẹ̀ ti di ìdíwọ́. Ni ìlú bá sọ̀kalẹ̀. Ní 2007, orúkọ Òkè Ìdànrè wọ inú àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo àgbáyé.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó wù mí. Ìlú ló sọ̀kalẹ̀, kì í ṣe ilé kan. Ọwá sọ̀kalẹ̀, ìjòyè sọ̀kalẹ̀, àgbẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Mi ò sọ pé ó rọrùn o. Ẹni tí wọ́n sin baba ńlá rẹ̀ sórí òkè kò lè sọ̀kalẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ má wúwo. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣì ń gun òkè lọ títí dòní tí ọdún ìbílẹ̀ bá dé. Wọ́n kúrò, ṣùgbọ́n wọn ò já.

Látìgbà náà, gbogbo ìgbà tí mo bá ti ṣí ìwé ìtàn ọjọ́ iwájú, èyí tí wọ́n ń pè ní sáyẹ́ǹsì fíkíṣọ̀n, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń bi í: nígbà tí ayé yí, ta ni wọ́n kó dání, ta ni wọ́n fi sílẹ̀? Lójú tèmi, ìbéèrè yẹn gan-an ni àwọn ìwé náà ń bi wá. Rọ́bọ́ọ̀tì àti ọkọ̀ òfurufú inú wọn, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Ẹ jẹ́ ká yẹ mẹ́ta wò nínú wọn, èyí tí ọmọ wa tàbí ọmọ aládùúgbò wa kọ.

Omi ti dé

Ìwé tí mo ń kà lọ́jọ́ náà ni Lost Ark Dreaming, tí Suyi Davies Okungbowa, ọmọ Nàìjíríà, gbé jáde ní 2024. Nínú rẹ̀, òkun Àtìláńtíìkì ti kún bo etíkun. Ilé gogoro márùn-ún ló wà láàárín omi, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ fún ìgbádùn àwọn olówó. Nígbà tí omi dé, ibẹ̀ ni àwọn tó yè ń gbé. Àwọn ọlọ́lá wà lókè pátápátá, níbi tí oòrùn ti ń ràn. Àwọn kan wà láàárín. Àwọn mẹ̀kúnnù wà nísàlẹ̀, lábẹ́ omi, nínú òkùnkùn àti òórùn, ògiri nìkan ló wà láàárín àwọn àti òkun.

Ọ̀kan lára àwọn tí ìtàn náà tẹ̀ lé ń jẹ́ Yekini. Rárá o, kì í ṣe Yekini agbábọ́ọ̀lù wa. Òṣìṣẹ́ ni, ará àárín ni. Iṣẹ́ gbé e láti àárín lọ sí ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti bá ohun tí àwọn ará òkè kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Mi ò ní sọ ìyókù, kí ẹ má baà ní mo ba ìwé jẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹ gbé ilé gogoro yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ Òkè Ìdànrè. Méjèèjì ga. Méjèèjì jẹ́ ibi ìsádi. Ṣùgbọ́n ní Ìdànrè, nígbà tí ayé yí, òkè sọ̀kalẹ̀. Nínú ìwé Okungbowa, òkè ti ilẹ̀kùn.

Ẹni tó bá ṣì ń sọ pé ìtàn òyìnbó ni, kó wọ mọ́tò láti Ìdànrè, kó forí lé gúúsù, títí dé ilẹ̀ Ìlàjẹ, nínú Ìpínlẹ̀ Oǹdó yìí kan náà. Kó béèrè Ayétòrò. Ní 1947 ni àwọn onígbàgbọ́ kan tẹ ìlú náà dó sétí òkun. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, àpò kan náà ni owó wọn ń bọ́ sí, àpò kan náà ni wọ́n fi ń tọ́jú ara wọn. Wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n kọ́ ilé ìwé, iná mànàmáná sì ti ń tàn níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, nígbà tó jẹ́ pé àtùpà ni ọ̀pọ̀ ìlú wa ṣì ń tàn. Ìlú Ayọ̀ ni wọ́n ń pè é. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ kọ ìwé nípa ọjọ́ iwájú tó dára, Ayétòrò ni ì bá lọ wò.

Lónìí, òkun ń jẹ ẹ́. Ó ti gbé ilé, ó ti gbé ilé ìwé, ó ti gbé ibi ìgbẹ̀bí. Ọdún gbọọrọ ni àwọn ará ibẹ̀ ti ń ké sí ìjọba. Ìlérí ń wá, ògiri tó máa dá omi dúró kò wá. Wọ́n ń fà sẹ́yìn, òkun ń tẹ̀ lé wọn. Àwọn ará Ìdànrè ní ilẹ̀ tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ sí. Ibo ni ará Ayétòrò máa gòkè lọ?

Nítorí náà, ẹ má sọ fún mi pé ọ̀la ni ìwé yẹn ń sọ. Ilé gogoro ni kò tíì sí. Omi ti dé.

Ìlú tó ń rùn tí gbogbo èèyàn ń rọ́ lọ

Ìwé kejì ni Rosewater, ti Tade Thompson. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù ni, Nàìjíríà ló dàgbà sí, dókítà àrùn ọpọlọ ni pẹ̀lú. Ìwé náà kọ́kọ́ jáde ní 2016, ó sì gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2019. Ìwé méjì mìíràn ló tẹ̀ lé e.

Ọdún 2066 ni. Ohun abàmì kan tó ti ojú ọ̀run wá ti gba abẹ́ ilẹ̀ yọ ní Nàìjíríà, ó sì fi nǹkan rìbìtì kan, bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, bo ara rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, igbá náà á ṣí, àwọn tó bá wà nítòsí á sì rí ìwòsàn. Bí èèyàn ṣe ń rọ́ lọ síbẹ̀ nìyẹn, títí tí ibẹ̀ fi di ìlú. Níbẹ̀rẹ̀, kò sí ètò ìgbọ̀nsẹ̀, gbogbo ibẹ̀ ń rùn. Ni wọ́n bá fi ẹ̀fẹ̀ sọ ìlú náà ní Rosewater, orúkọ omi òdòdó olóòórùn dídùn. Ẹ̀yin náà ti mọ̀ báyìí pé ọmọ Nàìjíríà ló kọ ọ́, àbí?

Ìwòsàn náà ní àléébù tirẹ̀. Ara àwọn kan á tò bí kò ṣe yẹ. Òkú á dìde, ṣùgbọ́n kò ní sí ẹnì kankan nínú ara náà mọ́. Síbẹ̀, èèyàn ò yéé wá. Kí nìdí? Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé aláìsàn dé ilé ìwòsàn lóru rí, tí wọ́n ní kò sí bẹ́ẹ̀dì, ẹ mọ ìdí. Níbi tí ilé ìwòsàn bá ti kùnà, igbá tó bá ṣí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún á di ọlọ́run. Ẹni tó bá sì ń gbé nítòsí igbá á di ẹni ńlá, ẹni tó jìnnà á di ẹni tí wọ́n gbàgbé.

Kaaro lorúkọ ẹni tó ń sọ ìtàn náà. Ó lè wọ inú èrò ọkàn ẹlòmíì. Ṣé ẹ mọ iṣẹ́ tí a kọ́kọ́ bá lọ́wọ́ rẹ̀? Báńkì ló ń bá ṣiṣẹ́. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á jókòó, wọ́n á máa ka ìwé àtijọ́, kí ìwé tí wọ́n ń kà lè bo èrò àwọn oníbàárà mọ́lẹ̀, kí olè má baà jí àṣírí owó wọn látinú orí wọn. Ẹ rò ó wò: gbájúẹ̀ ti kúrò lórí fóònù, ó ti dé inú ọpọlọ! Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Lẹ́yìn náà, mo rántí iye àwọn tó ti pè mí lórí fóònù pé àwọn ń pè láti báńkì. Ẹ̀rín tán.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Nínú ìwé náà, Amẹ́ríkà ti sé ara rẹ̀ mọ́. Kò sí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́. Fún ìran tiwa yìí, tí japa ti di àdúrà òwúrọ̀, mi ò mọ ohun tó bani lẹ́rù jùyẹn lọ. Thompson ti ilẹ̀kùn tí gbogbo wa ń wò, ó wá béèrè pé: ó dáa, tí ibẹ̀ bá dí, kí lẹ máa fi ilé ṣe?

Tẹlifíṣọ̀n inú àtẹ́lẹwọ́

Ìwé kẹta ni More Perfect, tí Temi Oh, ọmọ Nàìjíríà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní 2023. Ní Lọ́ńdọ̀nù ọjọ́ iwájú tó kọ nípa rẹ̀, ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Pulse ni wọ́n ń fi sínú orí èèyàn, tó ń so ọpọlọ pọ̀ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Mọremí ni orúkọ ọmọbìnrin inú ìtàn náà.

Orúkọ yẹn dá mi dúró. Mọremí tiwa ní Ifẹ̀ wá àṣírí ọ̀tá, ó rí i, ìlú sì gba ìdáǹdè. Ṣùgbọ́n nígbà tí odò Ẹsìnmìrìn béèrè ẹ̀jẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tó bí ló fi san án. Kò sí àṣírí tí kò ní owó tirẹ̀. Àwa tí à ń tẹ "mo gbà" lórí fóònù láì kà á, tí a ti fi àwòrán ojú wa, ìka ọwọ́ wa àti nọ́ńbà báńkì wa sílẹ̀ káàkiri, kí ni odò máa béèrè lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ tó bá dé?

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ti máa sọ pé, "Ìwọ tún ni, iná ò sí, epo wọ́n, o wá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ inú orí." Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n iná tí kò sí yìí gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kàn wá. Nígbà tí nǹkan tuntun bá dé, àwọn tí kò ní iná, tí kò ní dátà, tí kò gbọ́ èdè ẹ̀rọ, àwọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Ẹni bá fi ojú àná wo òkú, ẹbọra á bọ́ ọ láṣọ.

Kì í sì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Ní 1954, Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, tí òun náà jẹ́ ọmọ ìlú abẹ́ àpáta, gbé My Life in the Bush of Ghosts jáde. Nínú rẹ̀, ọmọkùnrin kan tó sọnù sínú igbó iwin pàdé iwin obìnrin kan tí tẹlifíṣọ̀n wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó wo ọwọ́ náà, ó rí ìlú rẹ̀, ó rí ìyá rẹ̀. Ẹ rántí pé 1959 ni WNTV, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ọdún márùn-ún ṣáájú ìyẹn ni Tutuola ti gbé tẹlifíṣọ̀n sí àtẹ́lẹwọ́. Kí lẹ̀yin náà dì mọ́wọ́ báyìí tí ẹ fi ń ka ọ̀rọ̀ yìí?

Ẹ gbọ́ ohun tí iwin náà béèrè o. Egbò wà lára rẹ̀, ó sì fẹ́ kí ọmọ náà máa fi ahọ́n lá a lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ lórí fóònù, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Èmi náà ń lá egbò tèmi. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò lá a fún ọdún mẹ́wàá. Nínú ọwọ́ yẹn kan náà ló ti rí ìyá rẹ̀ tó ń júwe ewé tí wọ́n fi ń wo egbò fún ẹlòmíì. Ó já ewé náà, ó fi ṣe é, egbò jinná, ó sì délé. Ẹ̀rọ tó fẹ́ sọ ọ́ dẹrú ló fi rí ìmọ̀ ìyá rẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni ká ṣe sí fóònù àti àwọn ẹ̀rọ tó ń ronú bí èèyàn tó dé yìí, ìdáhùn mi nìyẹn: ẹ má lá egbò, ẹ wá ewé.

Èdè náà ń bẹ lára ẹrù

Ohun kan ló ń dùn mí nínú gbogbo rẹ̀. Ìwé mẹ́ta tí mo sọ yìí, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn. Mi ò dá àwọn òǹkọ̀wé náà lẹ́bi. Ibi tí wọ́n ti ń ra ìwé ni wọ́n ń tà á sí. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń yan ẹja ní Ayétòrò, tí òkun ti gbé ilé rẹ̀, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò lè ka ìwé tó ń sọ ìtàn rẹ̀. Ìfisílẹ̀ nìyẹn náà. A kó ìyà rẹ̀ sínú ìwé, a fi òun fúnra rẹ̀ sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, Yorùbá lè gbé e. Ní 1938 ni D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, tí kò jìnnà sí Ìdànrè, ti fi Yorùbá pọ́ńbélé kó wa wọ igbó irúnmọlẹ̀. Ẹ̀dá tí ojú kò rí rí, ìlú tí ẹsẹ̀ kò tẹ̀ rí, ó rí ọ̀rọ̀ fún gbogbo rẹ̀. Èdè tó lè júwe iwin, ó lè júwe rọ́bọ́ọ̀tì.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ̀ ń kọ ìtàn gígùn sórí fóònù lóru, ẹ kọ ọ̀kan nípa Èkó ní ọdún 2080, kẹ́ ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá. Tí àmì ohùn bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ fi ẹnu sọ ọ́, kẹ́ ẹ gbà á sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ìyá yín. Ẹ ní kí ìyá yín sọ ibi tí ẹ ti purọ́. Wọn ò ní ṣàì rí ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ n padà sórí òkè kí n tó dákẹ́. Nígbà tí à ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀, oòrùn ti ń wọ̀. Ọmọ yunifásítì yẹn, tó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọn ipa ẹsẹ̀ Agbóògùn, tó sì bá a mu, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó sún mọ́ bàbá, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, tí ayé bá tún yí, tó di dandan ká tún kó, ibo la máa kó lọ?"

Bàbá ní, "Ọmọ mi, èmi ti dàgbà. Ẹ̀yin lẹ máa mọ ibẹ̀. Ohun tí mo kàn ń bẹ̀ yín ni pé kẹ́ ẹ rọra máa rìn, nítorí àwọn tí orúnkún ń dùn."

Èmi tí orúnkún ń dùn, mo ṣe àmín.